Kí ló dé tí ojú Juan de Pareja fi hàn bí ojú tí ọyẹ́ mú?

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Abẹ́òkúta. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ níléèwé. Ní oṣù tó kọjá mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ àwòrán Juan de Pareja tí Velázquez, ayàwòrán Spéènì ayé àtijọ́, yà. Mo ní dúdú àti funfun nìkan ni mo máa lò, kí n lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ojú. Mo tẹ àwòrán náà jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, mo sì ń wò ó yà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò jọ ojú ènìyàn dúdú mọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lójú. Bí mo bá fi dúdú kún un, á di ìdọ̀tí. Bí mo bá fi funfun kún un, á tún burú sí i. Irun àti aṣọ tí mo fi dúdú kùn gbẹ láìdọ́gba: apá kan ń dán, apá kan kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀dà dúdú inú túùbù ló fà á, pé àwọn àgbà ayàwòrán kì í lò ó rárá. Ẹlòmíràn ní olè ni ẹni tó bá ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?”

Àbúrò mi, mo wo fọ́tò méjèèjì tí o fi há inú lẹ́tà rẹ dáadáa. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa: ojú wà níbi tí ojú yẹ kó wà, imú kò wọ́, orí sì jókòó sórí ọrùn bó ṣe yẹ. Ìyẹn ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ó sì ti yọ̀ǹda fún ọ. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í ṣe yíyà, ìwọ̀n dúdú àti funfun ni. O ti ná funfun rẹ tán kó tó dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀.

Wo àwòrán Velázquez yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì dín ojú rẹ kù títí tí nǹkan kéékèèké kò fi ní hàn mọ́. Ibo ló funfun jù? Kọ́là ni. Kọ́là léèsì ńlá tó tẹ́ sí èjìká ọkùnrin náà nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí funfun gidi nínú gbogbo kánfáàsì yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà níwájú orí, òmíràn wà lórí imú, ó tán. Gbogbo ojú yòókù, títí kan apá tí ìmọ́lẹ̀ bà lé, wà ní àárín àwọ̀ eérú sísàlẹ̀, ó sún mọ́ dúdú ju bó ṣe sún mọ́ funfun lọ. Ìwọ ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀: o rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé, o ní “ibí yìí mọ́lẹ̀,” o sì bu funfun sí i. Nígbà tí o wá dé kọ́là, kò sí funfun kankan tó kù tí o lè fi ju ojú lọ, ni kọ́là àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá di ọgbọọgba. Funfun niyì eyín, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n torí pé ó kéré, tí dúdú sì yí i ká, ló ṣe níyì. Kò sẹ́ni tó ń fi funfun eyín kun gbogbo ojú.

Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá, àwòrán yìí kan náà sì ni. Inú ọyẹ́ ni, mo gbé kánfáàsì mi ti ògiri kó gbẹ, màmá mi sì wọlé wá kí mi. Ó dúró, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ṣé wọn ò fi òrí pa ọkùnrin yìí lára ni. Kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán yíyà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ yẹn. Ara tí a fi òrí pa máa ń dúdú, á sì máa dán ní ojú ibi kéékèèké: orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣóńṣó imú, iwájú orí. Ara tí ọyẹ́ mú kì í dán níbìkan, ṣe ni funfun rẹ́súrẹ́sú máa ń tẹ́ kárí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí o bá tẹ́ àwọ̀ eérú fífúyẹ́ kárí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti etí dé imú, ohun tí ojú ènìyàn máa kà níbẹ̀ ni ara gbígbẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tó ń dán ni mo máa ń wá kí n tó wá ibi tó mọ́lẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ó yẹ kí o mọ ẹni tí o ń yà pẹ̀lú, torí mo gbà pé ó ń hàn lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n bí Juan de Pareja ní Antequera ní ìhà gúúsù Spéènì, ní nǹkan bí ọdún 1608. Ẹrú Velázquez ni, nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Róòmù, ó mú un dání, ibẹ̀ ló sì ti ya àwòrán yìí ní ọdún 1650. Wọ́n gbé e hàn gbogbo ènìyàn nínú Pantheon, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan níbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún náà. Palomino, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán Spéènì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, sọ pé Velázquez rán Pareja fúnra rẹ̀ pé kó gbé àwòrán náà lọ han àwọn ọ̀rẹ́, àwọn yẹn sì ń wo ọkùnrin náà, wọ́n ń wo àwòrán, wọn ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1650 yẹn kan náà ni Velázquez fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀ ní Róòmù, pẹ̀lú àdéhùn pé ó máa sìn ín fún ọdún mẹ́rin sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkùnrin tó gbé orí sókè tó ń wo wa báyìí, ẹrú ni lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á. Ṣùgbọ́n ẹrú kò hàn nínú ojú yẹn. Mo máa ń bẹ àwọn tó bá fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má sáré ya ojú méjèèjì, torí àgbékalẹ̀ ìpéǹpéjú yẹn ló gbé gbogbo ìyì ọkùnrin náà dání. Bí o bá gbé e sókè díẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, á di ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní àwọn àgbà kì í lo dúdú, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá yé mi. Àwọn ayàwòrán Faransé kan ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń jáde lọ ya oòrùn àti omi, ló kọ dúdú sílẹ̀, torí pé wọ́n ní òjìji ìta gbangba ní àwọ̀ nínú. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n Velázquez lo dúdú, Rembrandt lo dúdú, egungun jíjó ni wọ́n sì ń lọ̀ láti ṣe é. Kò sí ohun tó ṣe túùbù rẹ. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé dúdú kì í dúró ní dúdú lásán bí funfun bá ti kàn án. Ivory black tí gbogbo wa ń rà, bí o bá po titanium white mọ́ ọn, á fà sí aró. O wà ní Abẹ́òkúta, o kúkú mọ aró: lọ sí Ìtòkú, wo aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró tó ti rẹ̀, kí o wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ. Wàá rí i pé ẹbí ni wọ́n. Ojú ènìyàn tó bá sì fà sí aró, òkú tàbí aláìsàn ni a máa ń kà á sí, bó ti wù kí a yà á tó.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn, kò sì ní sọ iṣẹ́ rẹ di aláwọ̀ púpọ̀. Ra túùbù kékeré raw umber kan, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kí o pò ó mọ́ dúdú rẹ kó tó kan funfun rárá. Èmi máa ń fi ìwọ̀n dúdú méjì sí ọ̀kan umber, ṣùgbọ́n túùbù ilé iṣẹ́ kan kì í lágbára bíi ti ìkejì, nítorí náà na díẹ̀ sórí páálí kí o fi funfun kàn án, kí o wo ibi tó fà sí. Ohun tí o ń wá ni àwọ̀ eérú tí kò fà sí aró tí kò sì fà sí ilẹ̀. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ìṣòro gbígbẹ tí o sọ: ivory black máa ń mu òróró púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, nígbà tí umber máa ń yára gbẹ nítorí ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Tí wọ́n bá jọ wà, dúdú rẹ á gbẹ ní ọjọ́ díẹ̀ dípò kó máa lẹ̀ mọ́ ìka.

Ọ̀rọ̀ funfun ló wá kù. Titanium white kò sí láyé nígbà ayé Velázquez, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ló dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán. Funfun òjé ni òun lò. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré: funfun òjé rọ̀, ó máa ń jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ yọjú díẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ kó tó ṣẹ́gun dúdú. Titanium, ẹ̀kán kan bíi ti èékánná á yí òkìtì dúdú padà sí eérú kí o tó mọ̀. Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti funfun kí o máa wá dúdú kún un. Dúdú ni kí o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ lórí pálẹ́ẹ̀tì, kí o máa fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ìpòdà bu funfun sí i bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. O lè bi mí pé ṣé kí o wá funfun òjé rà? Mi ò ní gbà ọ́ níyànjú bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Májèlé ni òjé, a sì rí ohun tó ṣe fún àwọn ọmọdé ní Zamfara ní ọdún 2010. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan náà jẹun, tí àwọn ọmọ ń sáré káàkiri ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi òjé sílẹ̀. Titanium tó fún ohun tí o ń ṣe bí ọwọ́ rẹ bá lè ní sùúrù. Funfun kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ rí nísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ, ìyẹn zinc white. Bí ọdún ṣe ń lọ ló máa ń gan, á sì máa bó. Ka ẹ̀yìn túùbù rẹ, torí wọ́n máa ń po zinc mọ́ titanium láìpariwo rẹ̀.

Ibi tó ń dán àti ibi tó kú nínú irun àti aṣọ kì í ṣe pé o kùn ún burúkú. Kánfáàsì rẹ ló mu òróró inú ọ̀dà náà. Ọ̀pọ̀ wa níbí ló ń na aṣọ sórí igi fúnra wa, tí a ó fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà àti ọ̀dà ilé kùn ún, mo sì mọ̀ pé owó ló fà á. Ọ̀dà ilé náà máa ń mu òróró bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, kì í sì í mu ún dọ́gba. Ibi tó mu púpọ̀ á kú, ibi tó mu díẹ̀ á dán, orí dúdú ló sì ti máa ń hàn jù lọ. Àwọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé lọ ló ń tú ká lójú rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti gbẹ dáadáa, mú òróró linseed díẹ̀, là á pẹ̀lú turpentine, fi aṣọ rírọ̀ pa á sórí ibi tó kú, kí o wá mú aṣọ mìíràn nu ún kúrò títí tí yóò fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Dúdú á jí. Ibi tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́jọ́ náà nìkan ni kí o ṣe é sí, torí òróró tó bá kù á pọ́n bópẹ́bóyá. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe ká aṣọ tí o fi nu òróró linseed jọ sí igun ilé. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kí o rì í sínú omi. Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń la ọ̀dà sì ńkọ́? Fi í sílẹ̀ fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì. Inú ọ̀dà, ṣe ló máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ọ̀dà náà kò sì ní gbẹ bó ṣe yẹ.

Ìwé tí o tẹ̀ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá ju bí o ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín dúdú méjì tó súnmọ́ra, bẹ́ẹ̀ inú ibẹ̀ gan-an ni ojú Pareja ń gbé. Irun, òjìji ọrùn àti ẹ̀yìn aṣọ ti di odindi kan lórí ìwé rẹ, ìwọ sì wá ń fi funfun wá ìyàtọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Àwòrán náà wà ní Metropolitan Museum ní New York láti ọdún 1971, lẹ́yìn tí wọ́n rà á ní gbàǹjo kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1970 ní iye tó ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Láti 2017 ni mùsíọ́ọ̀mù náà ti fi àwòrán àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìwọ̀n ńlá tó mọ́ kedere. Gba ọ̀kan, gbé e sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ wà ní àárín, má sì yí i padà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Fi ẹ̀dà aláwọ̀ pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà dúdú-àti-funfun. Bí fóònù ṣe ń sọ àwọ̀ di eérú yàtọ̀ síra: pupa ètè lè ṣókùnkùn nínú ọ̀kan kó sì fúyẹ́ nínú òmíràn. Ojú rẹ ni kó jẹ́ adájọ́, kì í ṣe fóònù. O tún mú àwòrán tó dáa fún irú iṣẹ́ yìí, torí Velázquez fúnra rẹ̀ kò lo àwọ̀ púpọ̀ níbẹ̀: aṣọ tó fà sí eérú àti ewé, ẹ̀yìn tó fà sí ilẹ̀, ara ènìyàn, àti kọ́là. Nǹkan díẹ̀ ló máa sọnù bí o bá yọ àwọ̀ kúrò.

Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Kì í ṣe pé kò ṣeé tún ṣe. O lè kun gbogbo ojú náà ní dúdú fífẹ́lẹ́ kí o jẹ́ kí ibi ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń dáa nígbà mìíràn. O lè họ ọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ bí kò bá tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n funfun púpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn á máa bá ọ jà, wàá kàn máa ṣe àtúnṣe àṣìṣe ni, o kò sì ní kọ́ ohun tí o torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wàá ti máa rí i, kí o bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó kéré. Àwòrán gidi jẹ́ 81.3 sẹ̀ǹtímítà ní gíga àti 69.9 ní fífẹ̀. Kánfáàsì 40 sí 35 á gbà á ní ìdajì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa gé ní òkè. Fa ìlà 5 sẹ̀ǹtímítà sórí rẹ̀, igun mẹ́jọ ní gíga, méje ní fífẹ̀, kí o fa irú kan náà sórí àwòrán inú fóònù. Àwọn kan máa ní ìlà fífà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Má dá wọn lóhùn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni o fẹ́ kọ́, jẹ́ kí ìlà bá ọ gbé ẹrù yíyà.

Kí o tó fi ohunkóhun sí i, kun gbogbo kánfáàsì náà ní àwọ̀ eérú àárín, fífẹ́lẹ́, pẹ̀lú umber àti turpentine, kí o jẹ́ kó gbẹ. Mo rí i nínú fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ pé orí funfun gan-gan lo ti bẹ̀rẹ̀. Lórí funfun, àwọ̀ eérú wo ló máa dà bí ẹni pé kò ṣókùnkùn jù? Kò sí. Ohun tí o bá fi síbẹ̀, ojú rẹ á sọ pé ó ti dúdú jù, wàá bu funfun sí i, bí o bá wá bo ẹ̀yìn àwòrán tán, ojú tó o rò pé ó ṣókùnkùn á di eérú. Ìdajì wàhálà rẹ ti wá láti ibí yìí. Lẹ́yìn náà, po ìpele mẹ́sàn-án sórí pálẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 1 ni dúdú pátápátá, 9 ni funfun láti inú túùbù. Bí èmi ṣe ń kà á, kọ́là nìkan ló dé 8 àti 9. Ibi tó ń dán níwájú orí kò ju 7 lọ. Apá ojú tí ìmọ́lẹ̀ bà lé ń rìn láàárín 4 àti 5, òjìji rẹ̀ wà ní 2 àti 3, irun ń lọ láti 2 sí 1, aṣọ ń sún mọ́ 3, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fì láàárín 3 àti 4. Ẹlòmíràn lè kà á lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi, kò burú. Dá ihò kékeré kan sí páálí aláwọ̀ eérú, kí o máa gba ibẹ̀ wo ibì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù àti lórí kánfáàsì rẹ. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí o pè ní mímọ́lẹ̀ ṣe ṣókùnkùn tó nígbà tí kò bá sí ojú tó yí i ká.

Fi kọ́là sí i ní kíákíá, kódà kó jẹ́ àbọ̀ṣe lásán, funfun kan ṣoṣo tó gbòòrò, kí o tó ya ojú. Ó dà bí òdìkejì ohun tó yẹ, torí ojú ni gbogbo wa ń kánjú lọ bá. Ṣùgbọ́n bí kọ́là bá ti wà níbẹ̀ ní 8, kò ní jẹ́ kí o fi 7 kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láé, á máa bá ọ wí. Lẹ́yìn ìyẹn, òjìji ni kí o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ní fífẹ́lẹ́, pẹ̀lú turpentine tó pọ̀ ju òróró lọ, kí èyí tó ń bọ̀ lókè rẹ̀ máa ní òróró díẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa sán. Ìpele tó tẹ̀lé e ni àárín. Ohun tó ń dán ní ìkẹyìn, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin, pẹ̀lú ọ̀dà tó ki, kí o fi í sílẹ̀ bí o bá ti fi í síbẹ̀. Má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún rọ̀. Dídán tí a bá nù rọ̀ kì í dán mọ́, ó ti padà di ọyẹ́ nìyẹn. Òjìji, ìwọ fẹ́ kí ó jinlẹ̀? Má ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyá aláró kì í rì aṣọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n ní ó ti dúdú, wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Ìpele fífẹ́lẹ́ mẹ́ta tó ti gbẹ lórí ara wọn máa jinlẹ̀ ju ẹyọ kan tó ki lọ.

O tún bi mí nínú ìlà kan nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ bóyá o lè wá fi àwọ̀ sí i nígbà tó bá gbẹ, torí o gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn àgbà ṣe. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn mìíràn sì ya àwọ̀ eérú fún ara rẹ̀: àwòrán obìnrin kan tí Ingres àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yà ní àwọ̀ eérú nìkan wà ní mùsíọ́ọ̀mù New York yẹn kan náà, Van Dyck sì ya ojú ènìyàn ní àwọ̀ ilẹ̀ nìkan kí àwọn tó ń fín bàbà lè rí i tẹ̀ lé. Àwọn Faransé ń pe irú iṣẹ́ eérú bẹ́ẹ̀ ní grisaille. Ṣùgbọ́n Velázquez kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya dúdú-àti-funfun tán kó tó fi àwọ̀ bò ó, tààrà ló ń fi àwọ̀ yà. Bí o bá fi àwọ̀ bo tìrẹ, o ti kúrò nínú kíkọ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àti pé àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá máa ń mú ohun tó wà lábẹ́ ṣókùnkùn sí i, nítorí náà grisaille tó bá máa gba àwọ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ láti ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni, yan ọ̀kan. Ohun kan wà tí dúdú-àti-funfun kò lè kọ́ ọ láéláé: bí ara dúdú ṣe ń gbóná sí pupa níbi etí àti imú, tí ó sì ń tutù níbi tí ojú ọ̀run bá bà lé e. Èmi náà, fọ́tò ni mo fi ń kọ́ àwòrán yìí, mi ò tíì dúró síwájú rẹ̀ rí, fọ́tò kò sì lè sọ bí ọ̀dà ṣe ki tó níbi kọ́là yẹn. Ohun tí mo ń sọ fún ọ nípa ìwọ̀n dá mi lójú. Nípa bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rìn, mo gbà pé ẹni tó ti rí i lójú korojú lè tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ẹni tó pè ọ́ ní olè, mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, láti kékeré ló ti ń da àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó kọ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ya ojú àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn Èkó, nígbà tí àwọn òyìnbó ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ṣe irú rẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ṣì ń gba àwọn aládàkọ láàyè láti gbé kánfáàsì wọn wọlé títí di òní. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìwọ̀n rẹ̀ má bá ti gidi dọ́gba, kí aládàkọ má sì da orúkọ tí ayàwòrán náà kọ sára iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Velázquez kú ní 1660, kò sí òfin tó dè ọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bó bá jẹ́ àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà ní 1974 lo fẹ́ dà kọ kí o sì tà: 1994 ni Enwonwu kú, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Olè ni ẹni tó bá ta àdàkọ bí ẹni pé ojúlówó ni.

Nítorí náà, nígbà tí kánfáàsì kékeré yẹn bá parí, jẹ́ kó gbẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí o tó fi fáníìṣì sí i. Ṣùgbọ́n má dúró dìgbà yẹn kí o tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, yà á lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe nínú oòrùn, kí o gbé ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ náà pé àdàkọ ni, kọ orúkọ tìrẹ àti ọdún, kí o kọ Velázquez. Kọ Juan de Pareja náà síbẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n yà nìkan. Nígbà tó gba òmìnira tán, òun náà di ayàwòrán. Iṣẹ́ ńlá kan tó yà ní 1661, nípa bí Jésù ṣe pe Mátíù, wà nínú mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid, ó sì ya ara rẹ̀ síbẹ̀ ní igun kan, ó dúró, ó di bébà kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ mú.